Èyí tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kàbà ni mò ń gbé, ẹni ọdún 38 ni mí, pààtì ọ̀kadà ni mò ń tà. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ: obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 8. Lóṣù tó kọjá, tíṣà ọmọkùnrin mi yìí ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọmọ mi gbá ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí, nítorí pé ọmọ yẹn ń bá a jiyàn lórí ìṣirò. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní obìnrin kì í bá ọkùnrin jiyàn. Ojú tì mí. Mo nà án dáadáa nígbà tí a délé, ó sì tún ti ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. Kí n má parọ́ fún yín, èmi àti ìyá wọn máa ń jà nígbà mìíràn, mo sì ti gbá a rí, àmọ́ kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ, wọ́n á ti sùn. Ti ọmọbìnrin kò ní wàhálà rárá, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, òun gan-an ló ń gbé ilé ró. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni mo lè mú ọmọkùnrin yìí lọ bá tí yóò bá a sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, bàbá àwọn ọmọ. Ẹ ṣé tí ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Irú lẹ́tà yìí ti ń dé ọwọ́ mi tipẹ́, àwọn ìyá ló sì sábà máa ń kọ ọ́. Tó bá jẹ́ bàbá ló kọ ọ́, ibi tí ọmọ ti ṣẹ̀ ló máa ń kún inú rẹ̀, ẹ ò ní rí "mo ti gbá ìyá wọn rí" níbẹ̀. Ẹ̀yin fi í síbẹ̀. Nítorí náà, èmi náà ò ní fi epo bọ iyọ̀ nínú ìdáhùn mi.

Ẹ ní ta ni kí ẹ mú ọmọkùnrin lọ bá. A máa dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, òun kọ́ ni ọkàn mi dúró lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, èyí tí ẹ ní kò ní wàhálà rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti oorun. Àwọn ọmọ tí mo ti bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́ja, ti kọjá ohun tí mo lè fi ìka kà, mi ò sì tíì pàdé èyí tó sùn. Ẹ wo bí ilé wa ṣe rí: yàrá kan àti pálọ̀, kọ́tìnì ló dá wọn láàárín. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ti kú lóru, èèyàn á máa gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń wúkọ́. Ṣé ìyá ẹni tó ń fi aṣọ dí ẹnu kí ariwo má bàa jáde ni ọmọ ò ní gbọ́? Ọmọ gbọ́. Ó kàn mọ̀ pé ohun tí ẹ̀yin àgbà ń fẹ́ ni pé kí òun má gbọ́, ló bá dijú.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjùmú, ọmọ ọdún 9 ni nígbà yẹn. Inú rírun ni ìyá rẹ̀ torí ẹ̀ ń gbé e káàkiri. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sibítù, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo bi í pé kí ló máa ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó kà á fún mi lẹ́sẹẹsẹ: òun á fọ abọ́, òun á paná ìdáná, òun á gbé ọmọ odó àti orógùn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ọmọ odó kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí dádì má bàa rí i mú. Ìyá rẹ̀ tó jókòó tì wá lanu, kò lè pa á dé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ odó kiri ní gbogbo ọjọ́ tó bá fẹ́ gúnyán, tó ń bú ọmọ náà pé onígbàgbé ni. Ẹ sì wò ó o, bàbá ọmọ yìí kò fi ọmọ odó lu ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn lérí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí inú ń bí i lẹ́yìn títa kajú, pé òun á fi la orí ìyá wọn. Òun ti gbàgbé. Ọmọ rẹ̀ ń ṣọ́ ọmọ odó fún ohun tó lé ní ọdún kan.

Inú tó ń run ọmọ yẹn kì í ṣe irọ́. Tí ẹ̀rù bá bani, ara máa ń tú àwọn èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, iṣan á le, etí á mú. Ẹni tí ejò lé lọ́nà oko nílò wọn gan-an. Á sá, á jókòó, á mumi, ara á rọlẹ̀. Ọmọ tí ohun tó ń bà á lẹ́rù ń bá a gbélé kò rí ibi sá sí, ara rẹ̀ kì í sì í rọlẹ̀ tán. Á dé kíláàsì, tíṣà á máa kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀, etí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn tó gbá lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á ní olódo ni. Òmíràn á tún padà sí títọ̀ sílé tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́, oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu òmíràn, òmíràn á di oníjà. Ọmọ ọwọ́ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Kò gbédè, àmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n pọ̀n ọ́n sí ń gbọ̀n, ó sì mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Vincent Felitti àti Robert Anda, gbé ìwádìí kan jáde ní 1998. Àwọn àgbàlagbà tó wá ṣàyẹ̀wò ara ní California ni wọ́n bi léèrè nípa ìgbà èwe wọn, àwọn tó sì dáhùn títí iṣẹ́ náà fi parí lé ní 17,000. Lára ohun tí wọ́n bi wọ́n ni bóyá wọ́n máa ń lu ìyá wọn nílé. Orí ìlà kan náà ni wọ́n to ìyẹn sí pẹ̀lú kí wọ́n lu ọmọ fúnra rẹ̀. Bí irú nǹkan wọ̀nyí bá ṣe pọ̀ tó nígbà èwe èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ọkàn, ọtí àmujù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe ń pọ̀ tó lára rẹ̀ nígbà tó dàgbà. "Kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ" tí ẹ kọ yẹn, ara ọmọ kò mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ti ọmọkùnrin.

Ní 1961, Albert Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford kó ọmọ 72 jọ, ọkùnrin 36, obìnrin 36, gbogbo wọn kò tíì pé ọdún 6. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó ń gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó ń fi òòlù onígi lù ú, ó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ kankan ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba ohun ìṣeré tó dáa kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà kí inú lè bí wọn díẹ̀, wọ́n wá kó wọn lọ síbi tí bèbí wà. Àwọn tó ti wo lílù yẹn náà lu bèbí bí wọ́n ṣe rí i gẹ́lẹ́, àti ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà náà wọ́n fi kún un. Àwọn ọmọkùnrin ló lù ú jù, pàápàá tó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n wò.

Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ìtàn yìí dé ibẹ̀, wọ́n á dúró. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù wà níwájú díẹ̀: ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ lẹ́nu. Tó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n rí tó ń lu bèbí, wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni bí obìnrin ṣe ń ṣe. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n ní akin ni, àwọn náà fẹ́ lè jà bíi tirẹ̀. Bèbí kan náà, lílù kan náà, ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín sì ti mọ ẹni tí ayé gbà láàyè láti lù.

Nítorí náà, ọmọ yín kò ṣàdédé gbá ọmọ ọlọ́mọ létí. Ó ní òfin kan lọ́wọ́, ó sì kà á fún tíṣà ketekete. Níbo ló ti rí òfin? N ò ní di gbogbo ẹrù lé yín lórí. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, nígbà tí ilẹ̀ wa níbí ṣì jẹ́ Kabba Province tí a ń gba àṣẹ láti Kàdúná, ní abala kan, 55, tó ka àwọn tí wọ́n lè fi ọwọ́ bá wí láìjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí kò bá ti di ìpalára ńlá. Òbí lè bá ọmọ wí, tíṣà lè bá ọmọléèwé wí, ọ̀gá lè bá ọmọṣẹ́ wí. Ẹ̀kẹrin wọn ni ọkọ sí ìyàwó, níbi tí àṣà bá ti gbà á. Ẹ tún àwọn tí wọ́n to ìyàwó mọ́ wò. Òfin mìíràn ti dé lẹ́yìn rẹ̀: èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lòdì sí ìwà ipá fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3, tàbí ìtanràn ₦200,000, tàbí méjèèjì, sí lílu ọkọ tàbí aya. Abuja ni ìyẹn wà fún ní tààràtà. Kogí náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan. Nígbà tí ìjọba ṣèwádìí ìlera jákèjádò Nàìjíríà ní 2018, wọ́n bi tọkùnrin tobìnrin bóyá ọkọ jàre tó bá lu ìyàwó nítorí pé ó jó oúnjẹ, pé ó jáde láìsọ, pé ó bá a jiyàn, àti irú rẹ̀ mìíràn. Obìnrin 28 nínú 100 ní ó jàre lórí ọ̀kan ó kéré tán. Ọkùnrin 21 nínú 100 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwa la pọ̀ jù. Ó dùn mí, kò yà mí lẹ́nu. Ìyá mi tó bí mi, tó jìyà rẹ̀ dáadáa, ló máa ń sọ fún mi pé "má fèsì, ọkùnrin ni". Ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé òun ń dáàbò bo ọmọ òun ni.

Ẹ wá tún fi ẹgba lé e. Mo mọ̀ pé ojú tì yín. Àmọ́ ẹ fi ojú ọmọ yẹn wò ó: mo lu ẹni tí mo jù lọ, bàbá mi tó jù mí lọ lù mí nítorí rẹ̀. Kò gbọ́ nínú ẹgba yẹn pé lílù kò dáa. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹni tó bá lágbára ló ń lù, kí òun rọra dàgbà. Nǹkan mìíràn tún wà tí a kì í rò. Òun náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru, ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún, akọ igi kì í ṣoje. Ìbínú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù rẹ̀ gbà jáde, sí etí ọmọ ọlọ́mọ.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí.

Ẹ ní òun ló ń gbé ilé ró. Ọmọ ọdún 11 ni. Kí ló dé tí ilé fi ń fẹ́ kó gbé òun ró? Ẹ̀yin kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo lè máa fojú inú wò ó: ọbẹ̀ ti jinná kí ẹ tó dé, omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ti pa àbúrò rẹ̀ lẹ́nu mọ́, rédíò kò ké jù. Tó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà yín níwájú ilé, ó máa ń wo ilẹ̀ yíká lẹ́ẹ̀kan síi. A ń pe ìyẹn ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́, àwọn aládùúgbò sì ń bá yín yọ̀. Mi ò sọ pé kò gbẹ̀kọ́. Mò ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ alóre ló ń ṣe, kí nǹkan kan má bàa fa ìjà. Tí ìjà bá wá ṣẹlẹ̀, á rò pé òun ló jẹ̀bi, pé iyọ̀ ló pọ̀ jù. Ó ti rí i pé tí màmá bá dákẹ́, ó máa ń tètè parí. Ohun tó ń kó lọ sílé ọkọ nìyẹn.

Ọdún 11 yẹn sì jẹ́ àkókò gan-an. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Johns Hopkins àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, bá àwọn ọmọ ọdún 10 sí 14 àti òbí wọn sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè 15. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n dé. Ohun tó jáde níbi gbogbo jọra ju bí wọ́n ṣe rò lọ: obìnrin kò lágbára, ẹ sé e mọ́lé, ọkùnrin lágbára, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kí ọmọ tó pé ọdún 11 ló ti mọ ọ́n sórí.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹ rìn díẹ̀ kúrò ní Kàbà kí ẹ dé ilẹ̀ Bùnú, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni yín. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè ẹni tó ń wun aṣọ nígbà èwe wọn. Obìnrin ni, lórí òfì tó dúró nílẹ̀ ṣánṣán. Ẹ wá lọ sí Ìsẹ́yìn, ẹ ó bá ọkùnrin nídìí òfì tó na owú jáde lọ gbọọrọ. Yorùbá ni wá níbí, Yorùbá ni wọ́n lọ́hùn-ún. Èèyàn ló pín iṣẹ́ yẹn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ọmọkùnrin. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán, tí ilé tún ń kọ́ ọ lóru, ta ni yóò gbọ́ tèmi? Ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ dúró, pátápátá, láìsí "tí kò bá bí mi nínú". Ẹ kíyè sí ọjọ́ tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣé ọtí ni? Ṣé ọjọ́ tí ọjà kò tà ni? Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí mo ti bá ṣiṣẹ́ lè tọ́ka sí ohun tí ara wọn máa ń ṣe kí wọ́n tó nawọ́: ohùn á ga, ọwọ́ á máa yún wọn, wọ́n á máa rìn tẹ̀lé obìnrin láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Tí ẹ bá ti rí i lára yín, ẹ jáde. Ẹ má gbé ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn. Ẹ wá ọkùnrin kan, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, tí ẹ máa sọ òótọ́ fún, tí kò ní sọ pé "ìwọ ló ń gbà á láàyè jù".

Ẹ má kó ìyàwó yín jọ síwájú ẹbí kí wọ́n wá ní kó kúnlẹ̀. Mo ti rí i tó pọ̀: wọ́n á dá ẹjọ́, wọ́n á ní kí tọkọtaya dì mọ́ra, wọ́n á jẹ obì, obìnrin á sì gbà á nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn nítorí pé ó tú àṣírí. Tí òun bá fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, tàbí kó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹbí ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí àwọn agbẹjọ́rò obìnrin ti FIDA, ẹ má dí i lọ́nà. Ó lè má gbà yín gbọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì jẹ yín ní gbèsè pé kó tètè gbàgbọ́.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ má pe ìpàdé, ẹ má sì sunkún sí wọn lọ́rùn kí wọ́n wá máa rẹ̀ yín lẹ́kún. Ẹ jókòó, ẹ ní: mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìgbà tí mo lu màmá yín. Èmi ni mo ṣe ohun tí kò dáa. Kì í ṣe ẹ̀bi màmá yín, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ó tó. Wọ́n lè má dá yín lóhùn.

Kí ọmọkùnrin máa fọ abọ́ tirẹ̀ láti ọ̀la. Tó bá rí i tí ẹ̀yin fúnra yín ń fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ pọ̀ tí ẹ kò ní sọ mọ́. Ẹ mú un padà lọ bẹ ọmọ tó gbá létí, kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, láìsí ẹgba. Ẹ ṣàlàyé díẹ̀ fún tíṣà, kó má bàa sọ ọ́ lórúkọ burúkú. Lẹ́yìn bí oṣù méjì tí ilé ti rọlẹ̀, tó bá ṣì ń jà, ẹ mú un wá. Màá gbà á tayọ̀tayọ̀, torí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin tó rí ìyà yìí nílé kì í padà di ẹni tó ń lu aya, pàápàá tí àgbàlagbà kan bá yà sí wọn lọ́nà. Ẹ̀yin náà ńkọ́, bàbá àwọn ọmọ? Nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún 8, kí ni ẹ máa ń gbọ́ lóru? Ẹ má kọ ìdáhùn yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ mú un dání tí ẹ bá ń bọ̀.

Ní ti ọmọbìnrin, ẹ lọ bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà tàbí tó ń ge ilá, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a ṣe é. Ẹ má bi í ní nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè dìde lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, ó sì lè máa wo ọwọ́ yín dípò ojú yín. Ẹ kàn máa ṣa ẹ̀wà lọ.